Gáàsì Kì Í Tán Nínú AC

Bí ooru oṣù Kejì àti oṣù Kẹta bá ti mú ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, iṣẹ́ máa ń ya lu àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ẹ̀rọ ń dún, fáànù rẹ̀ ń yí, mítà iná ń sáré, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde kò sàn ju ti fáànù orí tábìlì lọ. Onílé á pe oníṣẹ́. Oníṣẹ́ á dé, á na ọwọ́ síwájú ẹ̀rọ, á fọwọ́ kan páìpù tó wà níta, kí ìṣẹ́jú márùn-ún sì tó pé, ìdájọ́ ti jáde: gáàsì ti tán. Owó á jáde, sìlíńdà á wọlé, yàrá á tutù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ á tún padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Èrò tèmi ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ìdájọ́ yẹn kì í tọ̀nà, àti pé nígbà tó bá tọ̀nà pàápàá, gáàsì rírọ̀ nìkan kọ́ ni àtúnṣe rẹ̀. Gáàsì inú AC kì í tán. Ó lè jò, ṣùgbọ́n ohun tó ń jò ní ojú ibi tó ti ń jò, ẹni tí kò bá sì wá ojú ibẹ̀ kò tíì tún nǹkan kan ṣe.

Ẹni tó bá mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò le. AC kì í ṣẹ̀dá òtútù. Ooru ló ń kó kúrò nínú yàrá lọ dà sí ìta, gáàsì inú páìpù bàbà rẹ̀ ló sì ń ru ooru náà. Gáàsì yìí máa ń wọ àpótí ara ògiri nígbà tó wà ní olómi tútù. Ibẹ̀ ni yóò ti gba ooru lára afẹ́fẹ́ yàrá, tí yóò sì hó. R22, tó wà nínú ọ̀pọ̀ AC tó ti pẹ́, máa ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 41 Celsius sí ìsàlẹ̀ òdo bó bá wà ní gbangba, nítorí náà ooru yàrá lásán tó láti mú un hó. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó wà ní ìta á fà á, á fún un pọ̀ títí yóò fi gbóná ju afẹ́fẹ́ òde lọ. Fáànù ńlá á fẹ́ ooru yẹn dànù. Gáàsì á tún di olómi, á gba ojú ihò tín-ín-rín kan kọjá, á tutù, á sì padà sínú yàrá. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ tí yóò máa bọ̀. Kò sí ibì kankan lójú ọ̀nà yìí tó ti ń jóná bí gáàsì ìdáná. Iye tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà rọ sí i ló yẹ kó ṣì wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa kó o lọ sí ààtàn.

Ẹ̀rí tó súnmọ́ wa jù lórí èyí wà nínú ilé ìdáná. Ohun kan náà ló wà nínú fíríìjì: kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, páìpù, gáàsì. Fíríìjì lè lo ọdún 10 tàbí 15 nínú ilé, tọ̀sán-tòru ló sì ń ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń pe oníṣẹ́ lọ́dọọdún pé kó wá rọ gáàsì sí i. Bí gáàsì bá jẹ́ ohun tó ń tán nítorí pé a lò ó, ti fíríìjì ni ì bá kọ́kọ́ tán. Ẹnì kan lè sọ pé AC alápótí méjì kì í ṣe ẹgbẹ́ fíríìjì, òótọ́ sì ni. Inú ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti jó páìpù fíríìjì pa; ti AC, inú ilé oníbàárà ni wọ́n ti ń so ó, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì idẹ tí wọ́n fi sípánà dè. Bí ẹni tó so ó kò bá fẹ ẹnu páìpù náà dáadáa, tàbí tó dè é jù, ibẹ̀ yóò máa jò díẹ̀díẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé gáàsì tó bá dín ní ibi tó gbà lọ, ibẹ̀ sì ṣeé rí, ó ṣeé fọwọ́ kàn, ó sì ṣeé dí.

Ká tilẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ gáàsì, ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ló wà tó lè sọ AC di aláìtutù, ojú kan náà ni gbogbo wọn sì máa ń fi hàn fún ẹni tó jókòó nínú yàrá. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ wa ni ìdọ̀tí. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ọ́ lára iná, kí ẹ sì ṣí ojú àpótí inú yàrá sókè. Asẹ́ oníke ni ẹ máa kọ́kọ́ rí, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní fílítà. Lẹ́yìn ọyẹ́, eruku tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti òkè Ọya á ti bò ó. Òwú ara aṣọ ibùsùn, irun orí, ìyẹ́ irọ̀rí àti èéfín òògùn ẹ̀fọn á ti lẹ̀ mọ́ eruku náà. Ẹ gbé e sókè síwájú iná tọ́ọ̀ṣì. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á kọjá, afẹ́fẹ́ náà kò lè là á kọjá. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ ló ń fẹ́, kò fẹ́ oníṣẹ́ rárá, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tàbí oṣooṣù ló sì yẹ kí a máa fọ̀ ọ́ ní ilé tó wà létí títì eléruku. Lẹ́yìn asẹ́ yìí ni àwọn abẹ pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù wà, lẹ́yìn wọn ni fáànù gbọọrọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde. Nínú ilé tí wọn kò ti fọ AC rí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e kọ́, ìdọ̀tí dúdú tó rin máa ń kún ojú fáànù yìí débi pé ó ń yí lásán ni, kò gbé afẹ́fẹ́ mọ́. Èyí ni onílé máa ń fi ọwọ́ wò tí yóò sọ pé ẹ̀rọ náà "kò fẹ́ dáadáa mọ́," òótọ́ ló sì sọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ nìyí. Bí afẹ́fẹ́ kò bá gba orí àwọn abẹ yẹn kọjá tó, gáàsì inú páìpù kò ní rí ooru gbà. Yóò tutù ju bó ṣe yẹ lọ, omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ yóò dì sára páìpù, yìnyín yóò sì bò ó. Onílé rí yìnyín, oníṣẹ́ rí yìnyín, àwọn méjèèjì á ní gáàsì ti dín. Lóòótọ́, gáàsì tó dín máa ń fa yìnyín. Ìdọ̀tí náà ń fà á, fáànù inú ilé tí kò yí tó sì ń fà á. Yìnyín nìkan kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tó tún burú ni pé géèjì tí oníṣẹ́ máa so mọ́ àpótí ìta gan-an lè purọ́ mọ́ wa lọ́nà kan náà. Lára AC onígáàsì R22 tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ojú géèjì ìhà tútù máa ń wà ní àyíká 65 sí 75 psi. Ti R410A, gáàsì tó rọ́pò R22, máa ń ju 110 lọ. Ṣùgbọ́n bí asẹ́ bá dí, ojú géèjì á lọ sílẹ̀ bí ìgbà tí gáàsì bá dín gan-an. Oníṣẹ́ tó bá ka 50 lójú géèjì tí kò sì kọ́kọ́ fọ ẹ̀rọ náà, ìdọ̀tí ló ń rọ gáàsì fún. Lẹ́yìn oṣù kan tí ẹlòmíràn bá wá fọ̀ ọ́, gáàsì tó wà nínú rẹ̀ ti wá pọ̀ jù. Gáàsì tó pọ̀ jù kì í mú kí yàrá tutù sí i: ó ń mú kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti ẹrù tó wúwo, kí ó máa jẹ iná, kí ó sì máa gbóná. Olómi tún lè padà wọ inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó yẹ kó jẹ́ gáàsì tó ti hó nìkan ni yóò máa fà, ikú rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ̀rọ bá sì wà ní pípa, géèjì kò tilẹ̀ lè sọ bóyá gáàsì pọ̀ tàbí ó kéré. Níwọ̀n ìgbà tí olómi díẹ̀ bá ṣì wà nínú páìpù, bí ojú ọjọ́ bá ṣe gbóná sí ni géèjì yóò máa sọ.

Àpótí ìta náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tu ooru dànù, kò sì lè tu ú sínú ooru. Nínú ọ̀pọ̀ ilé alájà ní Èkó, wọ́n á há a sí bálíkónì tóóró, wọ́n á kọjú fáànù rẹ̀ sí ògiri tí kò jìnnà sí i ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, wọ́n á sì fi àgò irin yí i ká nítorí olè. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó tu jáde ni yóò tún fà wọlé. Ní Lẹ́kí àti àwọn àdúgbò tó wà létí òkun, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ àwọn abẹ alumíníọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ títí wọn yóò fi máa rún bọ́ sílẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sábẹ́ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn. AC tó bá ń tutù ní ìdájí tó sì ń gbóná ní ọ̀sán gangan, ẹ lọ wo ẹ̀yìn àpótí ìta rẹ̀ kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn. Bí ẹ̀yìn yẹn bá mọ́, ẹ wo yàrá fúnra rẹ̀: ẹ̀rọ oní-hp 1, tí agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 9,000 BTU, kò lè mú pálọ̀ ńlá tó wà lábẹ́ páànù tí kò ní àjà tutù, ó ì báà jẹ́ tuntun.

Iná tún wà ńbẹ̀, ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Fóltéèjì 230 ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ AC wa fún, pẹ̀lú àyè bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lókè tàbí nísàlẹ̀. Lálẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan AC wọn lórí tíránsífọ́mà kan ṣoṣo, iná tó ń dé inú ilé lè lọ sílẹ̀ gan-an. Fáànù inú yàrá yóò máa yí nítorí kò fẹ́ agbára púpọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yóò kùn, kò ní lè gbéra, yóò gbóná, ohun tó ń dáàbò bò ó yóò sì pa á. Ẹni tó wà nínú yàrá kò ní mọ̀. Afẹ́fẹ́ lásán ni yóò máa fẹ́ sí i lára. Iye fóltéèjì tó wà lójú sítébíláísà nìkan ló yẹ kó wò. Kàpásítọ̀ náà ń ṣe irú èyí: agolo kékeré kan ni, òun ló ń fún kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àti fáànù ìta lágbára tí wọ́n fi ń gbéra, ooru àti iná tó ń lọ sókè-sódò a sì máa pa á. Bí orí rẹ̀ bá ti wú tàbí tó ti là, kò sí iye gáàsì tó lè ran AC náà lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé fáànù ìta nìkan ni kò yí, ẹ̀rọ náà yóò tutù fún ìgbà díẹ̀, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yóò gbóná, yóò kú, yóò sinmi, yóò tún tutù díẹ̀. Owó kàpásítọ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Onílé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án fúnra rẹ̀ o, nítorí iná lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ AC kúrò lára iná. Ṣùgbọ́n ó lè dúró síta kó wò ó bóyá fáànù ń yí, kó sì fetí sílẹ̀ bóyá kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń dún, lẹ́yìn tó bá ti fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń dúró kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó gbéra.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn: wọ́n rọ gáàsì sí tèmi, ó sì tutù, ṣé ẹ̀rí yẹn kò tó ni? Kò tó. Lọ́jọ́ tí wọ́n rọ gáàsì náà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fọ ẹ̀rọ pẹ̀lú, nítorí "sáfíìsì" ni wọ́n pè é. Kò sí bí a ṣe lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Bó bá sì jẹ́ pé gáàsì ti dín lóòótọ́, títutù rẹ̀ fi hàn pé ó dín, kò fi hàn pé ó tán. Ihò tó gbà jáde ṣì wà níbẹ̀. Bí a bá ń rọ gáàsì sínú ẹ̀rọ tó ń jò, omi là ń pọn sínú agbọ̀n.

Ẹlòmíràn yóò ní wíwá ojú ibi tó ti ń jò máa ń gba àkókò, ó sì máa ń gbówó lórí ju gáàsì ìgbà kan lọ, pé ẹni tí owó ṣù lọ́wọ́ kò lè ṣe méjèèjì. Mi ò fojú kéré èyí. Ṣùgbọ́n ká ro ó dé òpin. Gáàsì tó ń padà bọ̀ wá sínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ wà lára ohun tó ń dín ooru rẹ̀ kù. Bí ó bá dín, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ooru. Òróró tó ń bá a mú ẹ̀yà ara rẹ̀ dán náà ń bá gáàsì jáde níbi tó ti ń jò. Ẹni tó ń rọ gáàsì lọ́dọọdún ń san owó gáàsì, ó sì tún ń rìn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Iná tó ń jẹ láàárín ìgbà náà tún wà lọ́tọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù lọ lójúmọ́, lọ sí náírà 225 fún kilowátì-wákàtí kan. AC tí kò lè mú yàrá tutù kò ní sinmi. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó yẹ kó máa dúró lóòrèkóòrè yóò ṣiṣẹ́ mọ́jú, mítà ni yóò sì sọ iye tó jẹ́.

Àwọn oníṣẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn, ó sì tọ́ ká gbọ́ ọ. Ẹnu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ni púpọ̀ nínú wọn ti kọ́ ohun tí wọ́n mọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù wọ́n, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn gáàsì wọ́n. Oníbàárà tún ń dá kún un: yóò sanwó gáàsì láìjanpata, ṣùgbọ́n bí oníṣẹ́ bá lo wákàtí méjì tó sì sọ pé asẹ́ ló dí, pé kó san owó àyẹ̀wò, oníbàárà á ní kí ló ṣe tó fi ń gbowó. Àwa náà ni a kọ́ wọn pé ohun tó wà nínú sìlíńdà nìkan ni a ń sanwó fún. Oníṣẹ́ tó bá rí àrùn gan-an, tó sì lọ láìrọ gáàsì, ló yẹ kó gba owó tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa.

Bí ìwádìí bá sì fi hàn pé gáàsì jò lóòótọ́, iṣẹ́ tó tọ́ ní àmì tí onílé tí kì í ṣe oníṣẹ́ lè fojú rí. Oníṣẹ́ á kọ́kọ́ wo àwọn nọ́ọ̀tì tó so páìpù pọ̀ bóyá òróró ti rin ibẹ̀, nítorí ibi tí gáàsì gbà ni òróró ń gbà. Á pa ọṣẹ híhó sí i, ibi tó bá ń yọ ìfófòó ni ibi tó ń jò. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á fi náítírójìn kún inú páìpù láti dán an wò. Kò ní lo ọ́síjìn láé, nítorí ọ́síjìn àti òróró kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lè bú gbàù. Lẹ́yìn tó bá dí ibẹ̀, á fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin kúrò nínú páìpù, nítorí ọ̀rinrin tó bá kù níbẹ̀ á bá òróró ṣe ásíìdì tó ń jẹ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ láti inú. Ìgbà náà ni yóò wá ka pátákó kékeré tó wà lára àpótí ìta. Irú gáàsì àti ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù tàbí kílò wà níbẹ̀, ìwọ̀n yẹn gan-an ni yóò sì rọ sí i lórí òṣùwọ̀n. AC inverter kò ní ọ̀nà mìíràn tó ṣeé gbára lé, nítorí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ ń sáré, ó ń rọra, ojú géèjì sì ń bá a yí.

Irú gáàsì ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. R22 ń ba ìpele ósóònù jẹ́, ìdí nìyí tí àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 fi kàn án. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ti gòkè àgbà ti dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2020, àwọn orílẹ̀-èdè bíi Nàìjíríà sì ní títí di 2030. Àpapọ̀ R32 àti R125 ni R410A tó rọ́pò rẹ̀, agbára ìtì rẹ̀ nínú páìpù fi nǹkan bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ju ti R22 lọ. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ ti ba ẹ̀rọ jẹ́. R32 tó wà nínú ọ̀pọ̀ AC tuntun lè gba iná, nítorí náà kò yẹ kí oníṣẹ́ máa tú u dànù sínú yàrá nígbà tí sìgá tàbí sítóòfù ń jó nítòsí. Gáàsì tí a ń tú sófúrufú lọ́dọọdún kì í parẹ́ bákan náà: kílò R410A kan ń mú ayé gbóná bíi kílò kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì tó lé ní 2,000.

Nítorí náà, ẹ fọ asẹ́, ẹ wo fóltéèjì, ẹ wo fáànù ìta, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Bí oníṣẹ́ bá dé tó sì ní gáàsì ló dín, ẹ ní kó fi ibi tó ti jò hàn yín kí sìlíńdà tó wọlé. Bó bá sì parí iṣẹ́, ẹ ní kó kọ irú gáàsì tó rọ, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ sára àpótí ìta pẹ̀lú bírò tí òjò kò lè fọ̀, kí ẹni tó bá tún máa ṣí i lọ́jọ́ mìíràn lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.